Oògùn funfun tí Ìyá Elélùbọ́ fi ń tẹ́ inú

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí mo ti ń sọ ọ́ ní àjákù fún àwọn èèyàn, wọ́n á dá mi dúró láàárín, wọ́n á ní "ẹ̀n-ẹ́n, oògùn inú ló fà á àbí?" wọ́n á sì lọ kí n tó débi tọ́rọ̀ gan-an wà. Fàmasísì ni mí, mo ní kẹ́mísìtì kékeré kan n'Ìbàdàn. Màmá tí mo fẹ́ sọ yìí ń ta èlùbọ́, Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ gangan. Ẹni ọdún 56 ni. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó ní ṣùgbọ́n kí n má fi ti èmi náà pamọ́ o. Ẹ máa rí ohun tó ń sọ níwájú.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún un. Gẹ̀gẹ̀ ọ̀hún tóbi débi pé tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lóru ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan fọwọ́ fún un lọ́fun. Gbogbo tairọ́ìdì ẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà níwájú ọrùn, pátá ni wọ́n yọ, ibẹ̀ sì ni họ́mọ̀nù tó ń jẹ́ kí ara yá, kí ara móoru, kí ọkàn máa lù bó ṣe yẹ, ti ń wá. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ tiẹ̀ á máa fi tábúlẹ́ẹ̀tì rọ́pò ẹ̀ títí lọ ni. Levothyroxine lorúkọ ẹ̀, Màmá ò ráyè ìyẹn, "ti ọrùn" ló ń pè é. Ẹyọ kan láràárọ̀ kó tó jẹun, máíkíró 100 (máíkírógíráàmù ni mo gé kúrú bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọn oògùn yìí nìyẹn). Kílò 66 ló wọ̀n nígbà yẹn, ìṣirò tí àwọn dókítà sì sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí ò ní tairọ́ìdì mọ́ ni nǹkan bíi máíkíró 1.6 fún kílò kan, tiẹ̀ á jẹ́ bíi 105, torí náà 100 yẹn bá a mu wẹ́kú. Ọdún méjì gbáko, kò sí wàhálà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, TSH ẹ̀ jẹ́ 2.1.

Ẹ má jẹ́ kí TSH yìí dẹ́rù bà yín. Nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó máa ń pe tairọ́ìdì pé kó dìde ṣiṣẹ́. Bí ìyá tó ń pe ọmọ ẹ̀ ni. Tọ́mọ bá tètè jẹ́, ohùn ìyá ò ní lọ sókè, tí ò bá dáhùn, á figbe ta. Igbe yẹn gan-an ni TSH. Láàárín 0.4 sí 4 ló dáa kó wà. Tó bá ga, họ́mọ̀nù ò tó lára nìyẹn, tó bá sì wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, a jẹ́ pé họ́mọ̀nù ti pọ̀ jù, ìyá ti panu mọ́.

Oṣù kìíní ọdún tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì wọn gba ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Màmá sì gbà á tán pátápátá, kò já a. Bí ààwẹ̀ ṣe parí ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, omi kíkan á máa ru gùdù wá sọ́fun ẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbá ilẹ̀. Ìyá oníyangan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lọ́jà ló bá mú un mọ oògùn funfun. Mist Mag, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, èyí tó ń rùn bíi mínǹtì tí wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ mì pọ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ó sì dùn mọ́ ọn torí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àyà títa yẹn fi lọ. Ọmọ ẹ̀ tún ra èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu bíi súwíìtì fún un kó máa fi sínú pọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó sọ fún dókítà. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Lójú àwọn èèyàn wa, ìyẹn kì í ṣe oògùn. Ohun tí wọ́n bá kọ fún ẹ lọ́sibítù loògùn, ti inú ríro yìí dà bíi iyọ̀ nílé.

Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, ara Màmá ti yí padà. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn á bá a lórí àpótí lọ́jà tó ti sùn lọ, oníbàárà á dúró sórí ẹ̀, á máa pè é. Òtútù ń mú un nínú oòrùn, ó ń wọ súwẹ́tà lóṣù kẹta, ẹ sì mọ bí oṣù kẹta ṣe ń rí n'Ìbàdàn. Ojú ẹ̀ wú, ohùn ẹ̀ nípọn bíi tọkùnrin, ìgbẹ́ ò wá fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún. Obìnrin tó máa ń ṣírò owó àpò èlùbọ́ mẹ́wàá lórí láì wo ibì kan, ó ń ṣi ṣéńjì fún àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn kan ní àgbà ti dé, àwọn kan ní kí wọ́n wò ó dáadáa, pé ọjà yẹn ò mọ́. Ọmọ ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ni ò tó, ló bá ra blood tonic. Ẹ rántí blood tonic yẹn, a máa padà síbẹ̀.

Nígbà tó padà sí ọsibítù fún àyẹ̀wò, TSH ti di 18.6. Dókítà gbé oògùn ẹ̀ sókè sí 125. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, 22.4. Ó lọ sókè dípò kó wálẹ̀! Wọ́n gbé e dé 150. Ọ̀dọ́ dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn wá bínú, ó ní "Màmá, ẹ ò lo oògùn yín, ẹ kàn ń jẹ́ ká fi owó ṣòfò." Màmá ní òun ń lò ó. Ó ní rárá, tẹ́ ẹ bá ń lò ó ni, kò ní rí báyìí. Màmá sunkún délé. Mi ò dá dókítà yẹn lẹ́bi tán o, torí lóòótọ́ ohun àkọ́kọ́ tá a máa ń rò nìyẹn tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ń pọ̀ sí i tí ẹ̀jẹ̀ ò sì yí padà, pé aláìsàn ń parọ́. Ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹ béèrè ìbéèrè kejì kẹ́ ẹ tó bú ìyá oníìyá.

Ọjọ́ Sátidé kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé ìwé oògùn tuntun sílẹ̀, máíkíró 150, mo lọ mú un wá. Bí mo ṣe ń ka owó ni ó ní, "Dókítà mi, bá mi mú oògùn funfun yẹn kún un, igo méjì." Mo dúró. Èmi tí mo ti ń tà á fún un láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà náà ni o, ọmọ tó ń bá mi tajà ló máa ń fún un, èmi ò sí níbẹ̀, àbí mo wà níbẹ̀ mi ò wò ó, mi ò rántí mọ́.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń jí fún mi."

"Bí mo ṣe ń jí báwo?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ bá ti lajú. Kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àdúrà nù un."

"Lẹ́yìn àdúrà ńkọ́?"

"Àyà á ti máa ta mí nígbà yẹn, mà á bu ṣíbí méjì nínú oògùn funfun, mà á gbé e mì. Mà á wá lo ti ọrùn lé e lórí. Wọ́n ní kí n máa lò ó kí n tó jẹun, mo sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mi ò ní jẹ nǹkan kan."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi funfun ṣáájú?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Mo fi ń tẹ́ inú fún un ni. Tí àlejò bá fẹ́ wọlé, ṣé wọn kì í tẹ́ ẹní fún un?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀, ẹní tó sì tẹ́ yẹn gan-an ló ń lé àlejò padà sẹ́nu ọ̀nà. Mo wá béèrè blood tonic. Ó ní ẹ̀n-ẹ́n, ó máa ń lo ìyẹn náà tẹ̀ lé e, "kí n lè parí gbogbo oògùn lẹ́ẹ̀kan, ọjà ń dúró dè mí." Ó ṣí pọ́ọ̀sì ẹ̀, ó fa páálí èyí tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu yọ, ó ti jẹ ẹ́ ku ẹyọ mẹ́rin. Mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò: aluminium hydroxide, magnesium hydroxide. Ó ní òun máa ń jẹ ẹyọ kan nínú mọ́tò bóun bá ń lọ sọ́jà, ìyẹn ò sì ju ìdajì wákàtí lẹ́yìn ti ọrùn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn nìyí. Àwọn nǹkan bí aluminium, magnesium, calcium àti irin tó wà nínú blood tonic, wọ́n máa ń di mọ́ levothyroxine, wọ́n á so pọ̀ di kókó kan tí ìfun ò lè fà wọnú ẹ̀jẹ̀, ó di inú ìgbẹ́. Ìyẹn ni ọ̀kan. Èkejì, tábúlẹ́ẹ̀tì ti ọrùn yẹn nílò kíkan inú kó tó lè yọ́ dáadáa, iṣẹ́ oògùn funfun sì ni kó pa kíkan inú. Torí náà Màmá ń lo oògùn ẹ̀ lóòótọ́, ó ń gbé e mì lójoojúmọ́ láì pa ọjọ́ kan jẹ, kì í kàn wọ ara ẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Wákàtí mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín levothyroxine àtàwọn wọ̀nyí. Wákàtí mẹ́rin o, ìdajì wákàtí ò tó.

Kì í ṣe ti ọrùn nìkan ló ń bá jà. Cipro tí gbogbo ayé ń lò fún táífọ́ọ̀dù àti ìtọ̀ gbígbóná, tí wọ́n bá lò ó pọ̀ mọ́ oògùn inú tó ní aluminium àti magnesium, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ò ní wọ ẹ̀jẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ lò ó ní wákàtí méjì ṣáájú oògùn inú tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀. Dolutegravir táwọn tó ní kòkòrò HIV ń lò náà, méjì ṣáájú, mẹ́fà lẹ́yìn, ìyẹn gan-an sì léwu torí tí oògùn ò bá tó lára, kòkòrò á kọ́ bó ṣe máa borí ẹ̀. Doxycycline, oògùn apakòkòrò míì, náà wà níbẹ̀. Tẹ́nì kan bá sọ fún mi pé òun ti lo cipro títí, táífọ́ọ̀dù ò lọ, kí n tó rò pé oògùn ayédèrú ni, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń mu sí i. Nígbà míì mílíìkì ni.

Ibi tí mo ti ṣe dáadáa dópin síbẹ̀ yẹn o.

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́. Mo rí ohun tí dókítà ò rí, orí mi wú. Mo kọ lẹ́tà sí ọsibítù, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, mo fi sínú ánfílóòpù fún Màmá. Mo sọ fún un pé ti ọrùn nìkan ni kó máa lò pẹ̀lú omi lásán tó bá jí, kó tó wákàtí kan kó tó jẹun, kó gbé blood tonic sí ọ̀sán, kó fi oògùn funfun sí alẹ́ tí inú bá ta á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, mo ya oòrùn fún àárọ̀, mo ya òṣùpá fún alẹ́. Mo wá fún un ní máíkíró 150 ẹ̀, owó ẹ̀ gan-an ni mo ń kà nígbà tọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ ti rí i àbí? Ìdí tí wọ́n fi gbé e dé 150 ni pé 100 ò wọlé. Tí ọ̀nà bá wá ṣí, 150 máa wọlé pátá, fún obìnrin tí 105 tó. Ó yẹ kí n pe dókítà yẹn lórí fóònù lójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́tà ni mo kọ, mo sì gbàgbé pé ó di oṣù mẹ́ta kó tó padà lọ, àti pé ìyá tí wọ́n bú lọ́sibítù ò ní sáré padà síbẹ̀. Inú Bíbélì ló fi lẹ́tà sí.

Ẹ̀rù tí mo dá bà á tún pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ní kó ya wọ́n sọ́tọ̀, òun da oògùn funfun nù, ó kó èyí tó ń jẹ lẹ́nu fún ìyá oníyangan, ó ní òun ò fẹ́ rí ohun tó fẹ́ pa òun mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ayé dùn. Ojú ẹ̀ wálẹ̀, ohùn padà, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń juwọ́. Oògùn yìí kì í tètè ṣiṣẹ́, kì í sì í tètè kúrò, ó tó bí ọjọ́ méje kí ìdajì ẹ̀ tó jáde lára, fún ìdí yìí ló ṣe ń rọra kó jọ lójoojúmọ́ láì sẹ́ni tó fura. Ní bí ọ̀sẹ̀ keje ọmọ ẹ̀ pè mí láàárọ̀ kùtù. Ó ní Màmá ò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbá ilẹ̀ láago méjì òru, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n tí kò lè di ẹnu ọ̀rá èlùbọ́, òógùn ń bò ó, ó ti rù. Ó ní Màmá sọ pé àyà òun ń lù bíi bàtá.

Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sọ́sibítù, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo bá wọn níbẹ̀. Mo fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, mo wo aago mi, 118 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì ni ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà mí torí tí họ́mọ̀nù yìí bá pọ̀ jù lára àgbàlagbà, ìlù ọkàn lè dàrú, ẹ̀jẹ̀ á wá dì níbẹ̀, ó sì lè di rọpárọsẹ̀. Tó bá pẹ́ lára obìnrin tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù, ó tún máa ń jẹ eegun. Wọ́n so wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n ní ìlù ẹ̀ ń yára ni, kò tíì dàrú. Mo mí kanlẹ̀. TSH jáde: 0.04.

Dókítà àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ka lẹ́tà mi, ọmọ Màmá ló yọ ọ́ nínú Bíbélì. Ó kà á tán, ó wò mí. Ó ní "Ẹ gbà á o, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù wa wà lára káàdì ẹ̀." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó mi. Ó dá oògùn náà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ó fún un ní èyí tó ń dẹ ìlù àyà fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó dá a padà sí máíkíró 100 àtijọ́. Ó tún ní kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ ẹ̀ wò torí àyà tó ń ta á yẹn, kòkòrò inú ikùn tó ń fa ulcer ló jáde, wọ́n tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú oògùn tó ń pa á àti omeprazole. Ó ṣàlàyé fún Màmá pé omeprazole náà ń dín kíkan inú kù, torí náà òun ò ní jẹ́ kó pẹ́ lórí ẹ̀ láì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ parí, TSH jẹ́ 1.9.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé ẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé ta ló ní kí n wá fi aṣọ funfun gbálẹ̀. Ó wá sọ pé ọ̀kan péré ló dun òun, pé mo sọ fún òun bí òun ṣe máa lò ó, mi ò sọ fún òun ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tó bá wọlé tán.

Ní báyìí tí mo bá rí ẹni tó fẹ́ fi oògùn inú sílẹ̀, mo máa ń béèrè oògùn míì tí wọ́n ti gbé sókè fún un nítorí ẹ̀. Bí mo ṣe ń béèrè ẹ̀ níyẹn lójoojúmọ́, ọmọ tó ń bá mi tajà ti mọ̀ ọ́n sórí, ó máa ń sín mi jẹ.

Màmá ò lo ìwé pélébé tí mo yàwòrán sí mọ́. Ó ní ìrun àsùbáà ni aago òun. Mọ́sálásí wà lẹ́yìn ilé ẹ̀, ọmọ ìjọ ni òun o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pe ìrun láàárọ̀ ló ń lo ti ọrùn pẹ̀lú omi, kó tó padà sùn díẹ̀, tó bá fi máa jí lẹ́ẹ̀kejì wákàtí kan ti lọ. Tí wọ́n bá pe ti ọ̀sán ló ń lo blood tonic. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kóńgò èlùbọ́ kan fún mi, ó sì tú nǹkan jáde nínú ọ̀rá. Ìyàwó ọmọ ẹ̀ tó wà ní London ló fi ránṣẹ́, ike ńlá kan, wọ́n ní ó dáa fún eegun, ó dùn bí ọsàn lẹ́nu. Mo yí i wò. Calcium carbonate.

"Màmá, ẹyọ mélòó lẹ ti jẹ nínú ẹ̀?"

"Mi ò tíì fi kan ẹnu o. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbé e wá fi hàn ẹ́." Ó fìdí kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Òun náà, wákàtí mélòó?"